Akọ, Abo àti Ẹnu Olùkọ́: Lámèyítọ́ Èdè Tí Wọ́n Fi Ń Ṣàlàyé Ìpinnu Akọ-ń-bábo Ẹja Ọ̀sìn ní Àríwá Èkìtì

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe lámèyítọ́ àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó wà lẹ́nu àwọn olùkọ́ nígbà tí wọ́n bá ń ṣàlàyé bí ẹja ọ̀sìn ṣe ń di akọ tàbí abo. Ó fi hàn pé àlàyé tí wọ́n yá láti inú ẹ̀kọ́ nípa ènìyàn, èyí tí ó sọ pé ọ̀dọ̀ bàbá ni ìpinnu akọ-ń-bábo ti ń wá, kò bá gbogbo ẹja mu. Ẹja ẹpìyà, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní tìlápíà, àti ẹja àrọ̀ ni iṣẹ́ náà fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó yẹ ọ̀rọ̀ mẹ́rin wò fínnífínní, ìyẹn ‘àbímọ́’, ‘inú ẹ̀jẹ̀’, ‘yíyí padà’ àti ‘akọ’ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ fún agbára. Ó sì dábàá pé kí olùkọ́ ya ìpìlẹ̀, ìdarí àti ìyọrísí sọ́tọ̀ nínú àlàyé rẹ̀.

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀. Bí ó bá bọ́, fífọ́ ní í fọ́. Òwe yìí kan olùkọ́ ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, nítorí pé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti gbọ́ lẹ́nu olùkọ́ rẹ̀ kì í tètè kúrò lọ́kàn rẹ̀, ìbáà jẹ́ òtítọ́, ìbáà jẹ́ àṣìṣe. Ní àríwá Ìpínlẹ̀ Èkìtì, láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́, títí dé Ìdó, òwe náà ti wá kan ẹyin gan-an, ìyẹn ẹyin ẹja. Agbègbè yìí jìnnà sí òkun àti ọ̀sà. Ẹja gbígbẹ àti ẹja inú yìnyín tí wọ́n ń kó wá láti ibòmíràn ni ọjà rẹ̀ ti gbára lé tipẹ́tipẹ́. Lóde òní, sísin ẹja nínú kòtò tí wọ́n gbẹ́, nínú odò oníbíríkì àti nínú odò onítapólì ti di ara iṣẹ́ àgbẹ̀ níbẹ̀. Láti ọdún 2011 tí Ìjọba Àpapọ̀ ti dá Yunifásítì Ọ̀yẹ́-Èkìtì sílẹ̀, tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ sì wà ní Ìkọ̀lé, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ẹja ti di ohun tí wọ́n ń kọ́ nítòsí ilé.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn láti inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì dé etí odò àgbẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ìmọ̀ náà lápá kan. Yorùbá àti ẹ̀ka-èdè Èkìtì ni wọ́n fi ń lò ó lápá kejì. Olùkọ́ tí ó gba ìwé-ẹ̀rí NCE nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tàbí báyọ́lọ́jì ni ó sábà máa ń dúró láàárín àwọn méjèèjì. Òun ni ó ń kọ́ ọmọ àgbẹ̀; òun kan náà ni àgbẹ̀ ń bi léèrè nígbà tí ẹni tí ń ta ọmọ ẹja bá sọ fún un pé akọ nìkan ni òun ní lọ́jà. Bí ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ náà ní lọ́wọ́ bá wọ́, ìmọ̀ràn rẹ̀ yóò wọ́, owó àgbẹ̀ yóò sì bá a lọ. Ìdí nìyí tí lámèyítọ́ lórí àwọn ọ̀rọ̀ náà kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ èdè nìkan.

2.0 Ibi tí Iṣẹ́ Èdè-Ìperí Dé Dúró

Kì í ṣe òní ni Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní èdè ara wọn. Ní ọdún 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Babs Fáfúnwá jẹ́ aṣáájú fún, bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ náà fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì jálẹ̀ ọdún mẹ́fà, ó sì fi hàn pé èdè náà kò ṣe aláìtó fún un. Lẹ́yìn èyí ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde, apá kìíní lábẹ́ àbójútó Ayọ̀ Bámgbóṣé ní ọdún 1984, apá kejì lábẹ́ àbójútó Ọlásopé Awóbùlúyì ní ọdún 1990. Iṣẹ́ ribiribi ni ìwé méjèèjì, ṣùgbọ́n èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni wọ́n dá lé. Wọn kò gbà á lérò láti sọ̀rọ̀ nípa kúrómósómù tàbí jíìnì.

Àbájáde rẹ̀ ni pé olùkọ́ Yorùbá tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àpólà gbólóhùn ní ọ̀rọ̀ tí gbogbo ẹgbẹ́ ti fẹnu kò sí, ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó fẹ́ ṣàlàyé bí ẹja ṣe ń di akọ ní láti dá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ṣe. Ohun tí ó sì rọrùn jù fún ẹni tí ó ń dá ọ̀rọ̀ ṣe ni kí ó yá èyí tí ó ti wà nílẹ̀ fún ènìyàn. Níbẹ̀ ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀.

3.0 Àlàyé Tí Wọ́n Yá Lára Ènìyàn

Nínú ẹ̀kọ́ báyọ́lọ́jì ilé-ẹ̀kọ́ girama, ara ènìyàn ni wọ́n sábà fi ń ṣàlàyé ìpinnu akọ-ń-bábo. Kúrómósómù 46 ni ènìyàn ní. Méjì nínú wọn ni ó kan ọ̀rọ̀ yìí: obìnrin ní X méjì, ọkùnrin ní X kan àti Y kan. Gbogbo ẹyin obìnrin ni ó ń gbé X. Àtọ̀ ọkùnrin a máa gbé X tàbí Y. Nítorí náà, èyí tí ó bá ti ọ̀dọ̀ bàbá wá ni ó ń ya ọmọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọbìnrin. Ọdún 1905 ni Nettie Stevens àti Edmund Wilson, tí oníkálukú ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lára kòkòrò ní Amẹ́ríkà, fi ìdí irú ètò yìí múlẹ̀.

Àwọn olùkọ́ fẹ́ràn àlàyé yìí, ó sì yẹ kí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ó ti gba ọ̀pọ̀ ìyàwó sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀sùn. Obìnrin tí ó bí ọmọbìnrin márùn-ún léra, tí àwọn ará ilé ọkọ ń fi ojú burúkú wò, lè gbọ́ lẹ́nu olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì pé ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀. Òdodo ni, àǹfààní rẹ̀ sì pọ̀.

Àléébù rẹ̀ ni pé àpẹẹrẹ kan ti di òfin lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. ‘Ọ̀dọ̀ bàbá ni ó ti ń wá’ ti kúrò ní ọ̀rọ̀ nípa ènìyàn, ó ti di ọ̀rọ̀ nípa gbogbo ohun ẹlẹ́mìí. Adìẹ tí ó ń jẹ̀ kiri níwájú kíláàsì tó láti tako ó. Lára adìẹ, akọ ni ó ní kúrómósómù méjì tí ó bára mu, ìyẹn Z méjì. Abo ni ó ní Z kan àti W kan. Ẹyin ìyá ni ó ń pinnu, kì í ṣe àtọ̀ àkùkọ. Olùkọ́ tí ó bá gbé ìdáláre ìyàwó ka orí òfin tí adìẹ lè fọ́ kò tíì dáàbò bo ìyàwó náà dáadáa. Ó sàn kí ó sọ pé báyìí ni ó rí lára ènìyàn, kí ó sì jẹ́ kí adìẹ àti ẹja sọ ti ara wọn.

4.0 Ẹ̀rí Láti Ara Ẹja

4.1 Ẹja Ẹpìyà

Ìdí tí ọ̀rọ̀ akọ-ń-bábo fi ká àwọn tó ń sin ẹpìyà lára kò fara sin. Akọ a máa tètè dàgbà ju abo lọ. Abo ẹpìyà odò Náílì, ìyẹn Oreochromis niloticus, a máa kó ẹyin rẹ̀ sí ẹnu títí tí wọn yóò fi pa, kì í sì í jẹun bí ó ti yẹ ní gbogbo àkókò náà. Bí akọ àti abo bá jọ wà nínú odò kan, wọn yóò tètè máa bímọ, odò yóò kún fún ẹja wẹ́wẹ́, oúnjẹ kò ní í ká wọn, kò sì ní í sí èyí tí ó tó tà. Nítorí náà ni àgbẹ̀ fi ń wá akọ nìkan.

Ẹpìyà odò Náílì ní kúrómósómù 44, ètò rẹ̀ sì jọ ti ènìyàn: XX ni abo, XY ni akọ. Ṣùgbọ́n ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́, Oreochromis aureus, tẹ̀lé ètò ti adìẹ: ZZ ni akọ, ZW ni abo. Ẹja méjì tí ojú lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ dá mọ̀ yàtọ̀, tí wọ́n sì lè bímọ fún ara wọn, ni wọ́n ń gba ọ̀nà méjì tó lòdì síra wọn.

Ìtàn bí èyí ṣe hàn síta yẹ fún kíláàsì. Ní ọdún 1960, Hickling, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Malacca ní ilẹ̀ Malaya, kọ̀wé pé nígbà tí òun fi akọ ẹpìyà tí ó ti Zanzibar wá gun abo Oreochromis mossambicus, akọ ni gbogbo ọmọ wọn. Ẹni tí òfin ‘ọ̀dọ̀ bàbá’ nìkan bá wà lórí rẹ̀ kò lè ṣàlàyé èyí. Àlàyé tí ó bá a mu ni pé bàbá jẹ́ ZZ, ìyá jẹ́ XX. XZ ni gbogbo ọmọ yóò jẹ́, akọ sì ni XZ. Bí wọ́n bá wá yí ètò padà, tí ìyá jẹ́ ZW, tí bàbá jẹ́ XY, oríṣi ọmọ mẹ́rin ni yóò jáde: XZ, YZ, WY àti WX. Mẹ́ta àkọ́kọ́ yóò jẹ́ akọ, WX nìkan ni yóò jẹ́ abo. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà mẹ́rin yìí sórí pátákó kì í tún gbàgbé pé ìyá náà ní ọ̀rọ̀ sọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì dúró lórí lẹ́tà. Ní ọdún 2015, Li àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní amhy, tí ó wà lórí Y, ni ó ń darí ọmọ ẹpìyà odò Náílì sí ọ̀nà akọ. Kì í ṣe òun ni jíìnì SRY, tí wọ́n ṣàwárí ní ọdún 1990, tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà lára ènìyàn. Ẹja kò ní SRY rárá. Nínú àwọn ìran ẹpìyà mìíràn, orí kúrómósómù mìíràn ni àmì ìpinnu wà. Ooru omi náà tún ń dá sí i: bí omi bá gbóná dé nǹkan bí 36°C ní àkókò tí ọmọ ẹja ṣì kéré jọjọ, púpọ̀ nínú àwọn tí ó jẹ́ XX nínú àwọn ìran kan yóò dàgbà di akọ.

4.2 Ẹja Àrọ̀

Àrọ̀, ìyẹn Clarias gariepinus, ni ẹja tí wọ́n ń sìn jù ní Nàìjíríà, òun náà sì ni ó sọ ọ̀rọ̀ yìí di dandan fún olùkọ́ ní Ìkọ̀lé àti Ọ̀yẹ́. Kúrómósómù 56 ni ó ní. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn olùwádìí kò fi fẹnu kò lórí rẹ̀: àwọn kan rí ẹ̀rí XY, àwọn mìíràn rí ẹ̀rí ZW. Ní ọdún 2021, Nguyen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Thailand gbé iṣẹ́ jáde tí ó tọ́ka sí i pé ètò méjèèjì lè jọ wà nínú ẹja kan náà. Lórí ọ̀rọ̀ ooru, iṣẹ́ Santi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2016 fi hàn pé omi gbígbóná 36°C, láàárín ọjọ́ díẹ̀ péré lẹ́yìn tí ẹyin pa, a máa sọ ọ̀pọ̀ ọmọ àrọ̀ di akọ.

Èyí tí ó yẹ kí ó dá olùkọ́ dúró jù ni ti họ́mónù. Nínú iṣẹ́ ẹpìyà, wọ́n máa ń po họ́mónù akọ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ methyltestosterone mọ́ oúnjẹ àwọn ọmọ ẹja fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, gbogbo wọn yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di akọ tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí van den Hurk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára ọmọ àrọ̀ ní ọdún 1989, ọ̀nà abo ni ó darí wọn sí. Irú rẹ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ lára ẹja Amẹ́ríkà tí ó jọ àrọ̀, Ictalurus punctatus. Ohun kan náà tí ó sọ ọmọ ẹpìyà di akọ lè sọ ọmọ àrọ̀ di abo. Àgbẹ̀ tí ó bá gbọ́ ti ẹpìyà, tí ó lọ ṣe é fún àrọ̀, yóò fi owó ra òdìkejì ohun tí ó ń wá.

5.0 Lámèyítọ́ Àwọn Ọ̀rọ̀

5.1 ‘Àbímọ́’

Ọ̀rọ̀ yìí dára, ó sì mọ́ létí. Ó sọ pé ohun kan bá ẹ̀dá wá sáyé. Lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àléébù, nítorí pé ìyàtọ̀ akọ àti abo ti hàn kí wọ́n tó bí ọmọ. Ọmọ ẹpìyà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ẹyin kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti ní kúrómósómù rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì ní àpò àtọ̀ tàbí ilé ẹyin tí ó dá yàtọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á ni ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yan ọ̀nà. Kúrómósómù jẹ́ àbímọ́. Akọ tàbí abo tí yóò hàn lára kì í ṣe àbímọ́ ní ìtumọ̀ kan náà. Ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ kan pe méjèèjì ti sé ọ̀nà mọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kò sì ní í yé e mọ́ bí ooru tàbí oúnjẹ ṣe lè dá sí i.

5.2 ‘Inú Ẹ̀jẹ̀’

‘Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀’ ni Yorùbá ń sọ nípa ìwà tí ọmọ jogún. Gẹ́gẹ́ bí àkànlò èdè, kò sí ẹni tí yóò bá a jà. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé sáyẹ́ǹsì, ó ń ṣini lọ́nà ní ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́, gbogbo ẹ̀yà ara ni ó ní kúrómósómù, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan. Èkejì, họ́mónù a máa gba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá ní tòótọ́, síbẹ̀ kì í ṣe ohun àjogúnbá. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí da ohun tí ẹja jogún pọ̀ mọ́ ohun tí wọ́n fún un jẹ.

5.3 ‘Yíyí Padà’

Èyí ni wọ́n fi ń túmọ̀ ohun tí họ́mónù ń ṣe, inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ti kó o pẹ̀lú àbùkù rẹ̀. Ohun tí ó ti dúró ni ènìyàn ń yí padà. Ọmọ ẹja tí wọ́n ń fún ní họ́mónù kò tíì di akọ, kò tíì di abo. Wọ́n kàn ń darí rẹ̀ sí ọ̀nà kan ni. ‘Dídarí’ sàn ju ‘yíyí padà’ lọ. Àǹfààní kejì ni pé ‘dídarí’ kò sọ pé kúrómósómù yí padà, nítorí kò yí. Akọ tí họ́mónù darí ṣì lè jẹ́ XX. Bí wọ́n bá fi í gun abo XX, XX ni gbogbo ọmọ yóò jẹ́, abo ni púpọ̀ jù nínú wọn yóò sì yà. Àgbẹ̀ tí ó rò pé òun ti ra akọ tí yóò máa bí akọ yóò kàn rí odò tí abo kún.

Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni Mair àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lò nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1997 láàárín Swansea àti ilẹ̀ Philippines. Wọ́n darí ẹpìyà XY sí ọ̀nà abo, wọ́n fi akọ XY gun ún, ìdá kan nínú mẹ́rin ọmọ rẹ̀ sì jẹ́ YY. Akọ YY náà ni wọ́n wá fi gun abo XX lásán. XY ni gbogbo ọmọ wọn, ọmọ wọ̀nyí kò sì jẹ họ́mónù kankan. Kò sí bí wọ́n ṣe lè fi ọ̀rọ̀ ‘àbímọ́’ àti ‘yíyí padà’ nìkan sọ ìtàn yìí kí ó yéni.

5.4 ‘Akọ’ Gẹ́gẹ́ bí Agbára

Akọ òkúta, akọ iṣẹ́, akọ igi: nínú gbogbo wọn, ‘akọ’ túmọ̀ sí líle tàbí agbára. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ pé akọ ẹpìyà dàgbà ju abo lọ yóò rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe yẹ kí ó rí níbi gbogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Bìrìtìkó, abo nìkan ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sin ẹja trout ń wá, nítorí pé akọ a máa tètè gbó, ẹran rẹ̀ a sì bàjẹ́. Yorùbá fúnra wọn ní oògùn àṣìṣe yìí nínú oko. Akọ ìbẹ́pẹ ni igi tí kì í so, tí àgbẹ̀ ń gé dànù. Àpẹẹrẹ náà tó láti fi han akẹ́kọ̀ọ́ pé ‘akọ’ nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kì í ṣe oríkì.

6.0 Àbá fún Olùkọ́

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta lè ṣe iṣẹ́ tí ẹyọ kan kò lè ṣe. ‘Ìpìlẹ̀ akọ-ń-bábo’ ni kí wọ́n máa pe ohun tí kúrómósómù àti jíìnì gbé wá. ‘Ìdarí’ ni kí wọ́n máa pe ohun tí ooru, họ́mónù àti àyíká ń ṣe sí i. ‘Ìyọrísí’ ni kí wọ́n máa pe akọ tàbí abo tí ó hàn lára ẹja níkẹyìn. Kò sí àjèjì ọ̀rọ̀ nínú wọn, wọn kò sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ gbàgbé ‘àbímọ́’. Wọ́n kàn fi í sí àyè rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tìtorí èyí sọ pé àwọn baba ńlá ti mọ̀ nípa kúrómósómù. Ohun tí èdè náà ṣe ni pé ó pèsè ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n lò.

Ẹ̀kọ́ náà sì lè bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹja tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fọwọ́ kàn. Bí wọ́n bá dojú àrọ̀ tí ó ti dàgbà dé òkè, akọ ní ẹ̀yà kékeré kan tí ó gùn tí ó sì ṣóńṣó nítòsí ihò ìdí. Ti abo rí róbótó. Èyí ni ìyọrísí. Níbi tí wọ́n ti ń mú kí ẹja pamọ, ìmọ̀ yìí kì í ṣe eré, nítorí pé pípa ni wọ́n sábà máa ń pa akọ àrọ̀ kí wọ́n tó rí àtọ̀ rẹ̀ mú. Ẹni tí kò bá dá a mọ̀ lè pa ìyá ẹja lásán. Lẹ́yìn èyí ni kí olùkọ́ béèrè ìbéèrè tí ojú kò lè dáhùn: ṣé ohun tí ẹ rí yìí ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, àbí ohun kan ti darí rẹ̀? Ìbéèrè kan yìí tó fún odindi ẹ̀kọ́.

7.0 Àsokágbá

Ní ọdún 2022, Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ni ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ nílé-ẹ̀kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e. Ìlànà lè wá, ó lè lọ. Àgbẹ̀ etí odò ní Ìkọ̀lé kò ní í tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè ìdí tí ẹja tí òun rà ní akọ fi ń bí abo. Yorùbá ni yóò fi béèrè, olùkọ́ ni yóò sì bi.

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìyá ń pinnu nínú ẹja kan, bàbá ń pinnu nínú òmíràn, omi gbígbóná sì lè da ìpinnu àwọn méjèèjì nù. Èdè tí yóò sọ èyí kò jìnnà. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni sùúrù láti ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Abo ẹpìyà a máa gbé ẹyin rẹ̀ sí ẹnu títí yóò fi pa, kì í kánjú tú u dànù. Bí ó bá ṣe òótọ́ pé ẹyin lọ̀rọ̀, ó yẹ kí olùkọ́ kọ́ ìyẹn lára ẹja tí ó ń kọ́ni nípa rẹ̀.